Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Á Máa Bá Ara Wa Sọ̀rọ̀ Nínú Ẹgbẹ́ Orí Fóònù

  

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ẹnu. Kì í ṣe ẹnu tí a fi ń ná ọjà o. Ẹnu tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ orí fóònù ni, ìyẹn WhatsApp. Láyé àtijọ́, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ránṣẹ́, alágogo ni yóò jáde. Lónìí, fóònù ló ń lu agogo náà. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ pé aláìsàn wà, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ọjọ́ ìpàdé, ibẹ̀ la ti ń dá owó. Ibẹ̀ náà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì? Ẹ jẹ́ kí á ro ó dáadáa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọjà kì í gba owó oṣù. Akápò kì í gba owó oṣù. Àwọn tó ń lọ kí aláìsàn ní ọsibítù, owó ara wọn ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀. Wọ́n ti ìsọ̀ wọn pa kí wọ́n tó lọ. Ẹni tí a ń sanwó fún lè fara da ìwọ̀sí nítorí owó tó ń gbà. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, kí ló dá a dúró? Kò ju ìfẹ́ àti iyì lọ. "Ẹ ṣé" ni owó oṣù rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá fi èébú san án, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yẹra. Bí irú wọn mẹ́ta bá ti lọ nínú ẹgbẹ́, ta ni yóò tún gbà láti ṣe é?

IṢẸ́ TÍ A KÌ Í GBOWÓ FÚN KÌ Í ṢE TUNTUN

Àwọn bàbá wa ní ọ̀wẹ̀, wọ́n ní àáró. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ ṣán oko a bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ń "bẹ" ọ̀wẹ̀ ni, wọn kì í pàṣẹ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bẹ̀ wọ́n á se oúnjẹ, á gbé ẹmu wá, á máa kí wọn kú iṣẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Bí ó bá jókòó sábẹ́ igi tó ń bú wọn pé wọn ò yára, ṣé wọ́n á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀? Ẹ̀bẹ̀ àti ìkíni ló gbé ọ̀wẹ̀ dúró.

Àwa obìnrin ọjà náà ní ìtàn tiwa. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí rẹ̀ di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Obìnrin tó kàwé àti obìnrin ọjà tí kò mọ a, b, d jọ wà nínú rẹ̀. Wọ́n jọ kọ owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n bá a fà á títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ọ̀mọ̀wé ni obìnrin yìí, ó ti kàwé dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló ń sọ fún àwọn obìnrin ọjà, aṣọ ìbílẹ̀ bíi tiwọn ló ń wọ̀, ó sì ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Kò fi ìwé tó mọ̀ gún ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì gígùn jọ sínú ẹgbẹ́ tí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ kò lè kà á. Ọ̀rọ̀ tí ará ilé rẹ kò gbọ́, ṣé o ti sọ ọ́?

KÍ LÓ DÉ TÍ Ọ̀RỌ̀ ORÍ FÓÒNÙ FI Ń DÙN NI TÓ BẸ́Ẹ̀?

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá dúró níwájú yín tí mo ní, "Ẹ̀yin yìí náà, ẹ ti pẹ́ jù," ẹ rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín, ẹ rí i pé mo ti kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Eré ni. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ẹ̀rín kò sí níbẹ̀, ìkúnlẹ̀ kò sí níbẹ̀, ohùn kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ló kù, ní ìhòòhò. Ẹni tó kà á lẹ́yìn tí oníbàárà ti bú u tán, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì ti ń rọ̀, kò ní kà á bí eré.

Èyí tó tún burú ni pé a kì í fi àmì sí Yorùbá tí a ń tẹ̀. Ẹ wo eléyìí: "Iya n bo lola." Ṣé ìyá ló ń bọ̀ lọ́la, àbí ìyà? Ẹ tún wo eléyìí: "Oko mi wa ni Odigbo." Ṣé ọkọ ni, àbí oko, àbí ọkọ̀ akẹ́rù? Ìyẹn ṣì jẹ́ ẹ̀rín. Ẹ wo èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀: "O ti san owo naa." Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ sọ pé ọmọ ọjà kan, "ó ti san owó náà." Ìyá àgbà tó kà á rò pé òun ni wọ́n ń bá wí, pé ọmọdé kan ń pe òun ní "o," bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe ẹgbẹ́ ẹni. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò sí ẹni tó bú u o. Àmì orí ọ̀rọ̀ ló sọnù.

Èdè wa náà kò dọ́gba. Ní Orè yìí, ọmọ Oǹdó wà, Ìkálẹ̀ wà, Ìlàjẹ wà, Èkìtì wà, ará Ìbàdàn wà, Ìgbò, Ùròbò àti Haúsá wà. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ọmọ lè pe bàbá tó bí i ní "ìwọ" láìsí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀, bí èdè wọn ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ti Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn wá, tó gbà pé "ẹ̀yin" ni ọ̀wọ̀, lè kà á kó ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn méjèèjì lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ wọn ló yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń kọ̀wé, kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúnlẹ̀ nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò lè kúnlẹ̀. Ẹni tó ń kà á, kó má tètè bínú. Àwọn fóònù kan wà tí a lè fi tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì; ẹ ní kí ọmọ yín fi hàn yín. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Ohùn a máa gbé ẹ̀rín àti àánú dání.

ÀWỌN TÓ TI LA Ọ̀NÀ YÌÍ KỌJÁ

Kì í ṣe àwa nìkan o. Ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 2001, àwọn ọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Jimmy Wales àti Larry Sanger, dá ìwé ìmọ̀ ńlá kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Wikipedia. Ẹni tó bá wù ló lè kọ sínú rẹ̀, ó sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ti èdè Yorùbá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa ló ń kọ ọ́. Ẹ wá wò ó: àwọn tí kò mọ ara wọn rí, tí wọn kò sí nílùú kan náà, wọ́n ń pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́, wọ́n ń tún un kọ. Ṣé ìjà kò ní wà? Ó wà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fìdí àṣà kan múlẹ̀. Èkíní, gbà pé ire ni ẹnìkejì rẹ ń rò, àyàfi tí o bá rí ẹ̀rí tó yàtọ̀. Èkejì, iṣẹ́ ni kí o sọ̀rọ̀ lé lórí, má sọ̀rọ̀ lé ẹni tó ṣe é. Ẹ̀kẹta, má bu àlejò jẹ. Nínú ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹnìkan kò gbọdọ̀ pa iṣẹ́ ẹlòmíràn rẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójú ewé kan láàárín wákàtí 24. Kí wọ́n jókòó sọ ọ́ ni. Ní ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó o fọwọ́ sí ìlànà ìwà kan ṣoṣo fún gbogbo èdè.

Ẹ̀kejì rèé. Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, orí ohun kan tó ń jẹ́ Linux ni wọ́n kọ́ ọ lé. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, tí àwọn èèyàn káàkiri ayé sì bá a ṣe é, tí púpọ̀ nínú wọn kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀gá ni, ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le. Bí iṣẹ́ ẹnìkan kò bá dára, á kọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i lójú gbogbo wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 16, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2018, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí gbogbo wọn. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ líle tí òun ń sọ sí ènìyàn kò yẹ, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun máa lọ sinmi díẹ̀ láti kọ́ bí òun ṣe máa mọ ohun tó ń dun ẹlòmíràn. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá. Ní oṣù kẹsàn-án yẹn kan náà ni wọ́n gba ìlànà ìwà tuntun. Iṣẹ́ náà kò bàjẹ́ nítorí pé ọ̀gá tọrọ àforíjì. Ìyálọ́jà tó bá ní "ẹ má bínú" kò sọ oyè nù.

OHUN TÍ A LÈ MÁA ṢE

1. Ẹ kí èèyàn kí ẹ tó béèrè. Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo nǹkan: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrìn. Kò gba dátà púpọ̀. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo: "Ẹ ṣe é o" yàtọ̀ sí "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é."

2. Ẹ kọ́kọ́ ro ire. Bí akọ̀wé kò bá tíì dáhùn, ó lè jẹ́ pé oníbàárà wà níwájú rẹ̀, tàbí kí iná fóònù rẹ̀ ti tán. Ẹ fún un láàyè kí ẹ tó ní ó ń gbéraga. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

3. Iṣẹ́ ni kí ẹ bá wí. "Ìṣirò yìí kò bá ti oṣù tó kọjá mu" dára, ó ṣeé tún ṣe. "Ẹ ò mọ ìṣirò" kò ṣeé tún ṣe, ó kàn dunni ni.

4. Ìyìn ní gbangba, ìbáwí ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣe dáadáa, ẹ yìn ín lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tó ṣàṣìṣe, ẹ pè é sórí fóònù, tàbí kí ẹ rìn lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ọjà kan náà la wà, kì í ṣe Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa tẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ máa fi sọ ọ́ lójúkojú.

5. Ẹ gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọmọ tuntun tó béèrè ohun tí a ti sọ lánàá kò mọ̀ pé a ti sọ ọ́. Ẹ tún un sọ fún un. Ẹ má ní, "Ṣé o kì í kàwé ni?" Bóyá kò lè kà á lóòótọ́.

6. Ẹ wo aago. Àwa tó ń jí ní ìdájí láti lọ já ẹrù, a kò lè máa gbọ́ kín-ín-kín-ín fóònù ní òru. Bí kì í bá ṣe ikú, iná tàbí àìsàn, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

7. Ẹ má fi ohun tí kò dá yín lójú ránṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ẹ̀bólà ti wọ Èkó, wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri fóònù pé kí á mu omi iyọ̀, kí á fi wẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé ẹ̀mí bọ́ nítorí rẹ̀ ní Jos. Àwọn tó fi ránṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá, ire ni wọ́n rò. Wọn ò kàn béèrè ni. Láti ọdún 2019 ni WhatsApp ti dín in kù, kó má lè kọjá ibi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan.

8. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́, ẹ tètè tún un ṣe. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. WhatsApp gbà wá láàyè ìṣẹ́jú 15 láti tún ohun tí a kọ kọ. Bí àkókò yẹn bá kọjá, àforíjì ló kù. Kó sì jẹ́ àforíjì tòótọ́: "Ẹ má bínú, mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ." "Bí ó bá dùn yín, ẹ má bínú" kì í ṣe àforíjì, ẹ̀bi ẹni tó dùn ló ń dá.

ỌWỌ̀ KÒ NÍ KÍ Á MÁ BÉÈRÈ OWÓ

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń le. Àwọn kan á ní, "Ìwà pẹ̀lẹ́ tí ẹ ń sọ yìí, ṣé kí á lè dákẹ́ kí wọ́n kó owó wa jẹ ni?" Rárá o. Owó ẹgbẹ́, owó gbogbo wa ni. Ẹni tó dá owó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tó lọ. Bí a ṣe béèrè ló kù.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní a dá owó fún ọmọ ẹgbẹ́ kan tó wà ní ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ sójú gbogbo ẹgbẹ́ pé: "Owó dà? Ẹ ti jẹ ẹ́ tán àbí?" Akápò tó ti fi owó ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì kà á. Ó ju ìwé owó sílẹ̀, ó jáde nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó wà lórí ibùsùn, ta ni yóò san owó oògùn rẹ̀ lọ́la? Òun ni ìjà náà bà, kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà kejì: "Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, Ìyá Akápò. Ẹ kú ìrìn ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ mọ iye tó wọlé àti iye tí wọ́n ti ná, kí àwọn tí kò tíì dá lè dá. Bí ọwọ́ yín bá dilẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, ẹ bá wa kọ ọ́ síbí." Ìbéèrè náà ṣe kedere. Ó ní iye, ó ní ọjọ́. Kò sí ibi tí akápò lè sá sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí wọ́n ti bú u. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Akápò náà, kí tirẹ̀ má ṣe "Ta ló ń bi mí?" Ẹni tó bá gba owó ènìyàn, kó gba ìbéèrè pẹ̀lú. Kí ó kọ iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù, kó tó di pé wọ́n béèrè. Ìṣirò tó tètè dé ń pa ẹnu ìjà mọ́.

BÍ ÌJÀ BÁ TI BẸ̀RẸ̀ ŃKỌ́?

Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé wọ́n ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Orè." Ọdún 1967 ló ti wá, nígbà tí ogun Bìáfírà gba Bìní kọjá dé ìlú wa yìí ní oṣù kẹjọ, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì dá wọn dúró. Orúkọ ìlú wa ti di orúkọ ìjà tó le. Kò yẹ kí àwa náà máa ja irú rẹ̀ lórí fóònù.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, kí alábòójútó ẹgbẹ́ orí fóònù, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ádímíìnì, ti ẹnu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣeé ṣe: ó lè ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ àwọn alábòójútó nìkan ló lè kọ̀wé. Kó pe àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó gbọ́ ẹnu wọn, kó tó gbé ọ̀rọ̀ wá sí ìpàdé. Kí àwa yòókù má máa fi àwòrán ẹ̀rín dáná sí i. Kí ádímíìnì má sì yọ ẹnikẹ́ni kúrò láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ mọ̀. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

Kí ẹni tó mọ̀wé kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé, kí a sì jọ dáhùn:

1. Kí ló yàtọ̀ nínú "bíbẹ" ọ̀wẹ̀ àti pípàṣẹ iṣẹ́?
2. Ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn tó lè ní ìtumọ̀ méjì bí a bá tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì.
3. Báwo ni a ṣe lè béèrè owó ẹgbẹ́ láìbu ẹnikẹ́ni?
4. Ọjọ́ wo nínú oṣù ni ó yẹ kí akápò máa kọ ìṣirò síta láìjẹ́ pé a béèrè?
5. Ta ni ẹ kò tíì kí kú iṣẹ́ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́? Kí ẹ kí i kí ìpàdé tó tú.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnu wa tú ohun tí ọwọ́ wa jọ so. Ẹ kú ọjà o. A ó rà, a ó tà, a ò ní rí ìjà.